Yíìsì ni yíìsì ń jẹ́, àbí? Ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà

Aago kan òru ni mo fi ìka tẹ ìyẹ̀fun tí mo ti pò láti aago mẹ́wàá. Kò wú rárá. Ó kàn sùn sílẹ̀ nínú abọ́ bí amọ̀. Kílò 3! Búrẹ́dì ìsọmọlórúkọ ni, aago méje àárọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ wá gbé e. Mo fọ́ díẹ̀ wò lábẹ́ iná, mo rí hóró yíìsì kéékèèké tó ṣì le gbagidi, tó ń há mi lábẹ́ èékánná.

Ọ̀rá kékeré oní gíráàmù 11 ni mo máa ń rà, mẹ́ta fún kílò 3. Yíìsì yẹn kúnná, tààrà ni mo máa ń dà á sínú ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ náà, ó ti tán. Ọmọbìnrin tó ń tajà wọn òmíràn fún mi láti inú àpò ńlá. Mo ní ṣé kò sí ìyàtọ̀? Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù ò gbójú kúrò lára fóònù: "Yíìsì ni yíìsì ń jẹ́."

Búrẹ́dì ẹlòmíì ni mo rà fún àwọn ọlọ́mọ, mo jẹ gbèsè lé e. Mo gbé abọ́ wọ Micra, ó di Bódìjà. Alhaja ní, "Omi yín ló gbóná jù, ó ti pa á." Èmi! Èmi tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn!

Ọmọbìnrin yẹn ló kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká dán an wò." Ó po omi gbígbóná mọ́ tútù nínú kọ́ọ̀bù, ó ti ìka bọ̀ ọ́ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bu ṣúgà díẹ̀ sí i, ó wọ́n yíìsì náà lé e. A jókòó, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìfófòó ti gun ẹnu kọ́ọ̀bù, ó ń rùn bí ẹmu àná.

Inú tí ń bí mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Yíìsì náà kò kú. Oníhóró ni, ó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi jí i, ìyẹ̀fun tí mo pò sì le jù fún un láti yọ́. Ọmọ náà ya páálí, ó kọ ọ́ fún mi: gíráàmù 10 nínú èyí tó kúnná, 13 nínú oníhóró, 30 nínú tútù tí wọ́n ń kó sínú fíríìjì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìyẹn ni pé gíráàmù 33 tí mo dà sí i kò tiẹ̀ tó, ó yẹ kó tó bíi 43. Páálí náà ti wà lára fíríìsà mi báyìí.

Alhaja ò dá kọ́bọ̀ padà. Ó tún gba owó ọ̀rá tí mo fi gbé abọ́ délé.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Sátidé mò ń lọ ra àpò kan, ọmọbìnrin yẹn ni yóò wọ̀n ọ́n fún mi.