Wọ́n yẹ etí mi wò ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ká mi lára

"Mummy, ẹ má tẹ ohun tẹ́ ò gbọ́ o! Ẹ ń ba tẹ́ẹ̀sì jẹ́!" Bí ọmọbìnrin tó ń yẹ etí mi wò ṣe jágbe mọ́ mi nìyẹn níṣojú ọmọ mi. Mi ò ní dárúkọ kíliníkì náà, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń lọ ata ní Sábó, ọwọ́ òsì mi ni ẹ́ńjìnnì wà. Etí òsì yẹn ti ń dún láti bí ọdún méjì, wíììì, bí ìrẹ̀, kì í sinmi. Lọ́sàn-án ariwo ọjà máa ń bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ tí NEPA bá ti mú iná lọ, tí gbogbo àdúgbò pa jẹ́nẹ́rétọ̀, tó wá dákẹ́ rọ́rọ́, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní kí n wọ yàrá kékeré kan bíi kọ́bọ́ọ̀dù, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri ẹ̀, wọ́n fi hẹ́dífóònù sí mi létí, wọ́n fi bọ́tìnì lé mi lọ́wọ́, pé tí mo bá ti gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó, kí n tẹ̀ ẹ́. Etí ọ̀tún, kò sí wàhálà. Ó wá kan òsì, ohùn tínínrín kan dé, àfi bíi pé ìbejì lòun àti èyí tó wà létí mi. Èwo ni kí n tẹ̀? Mo tẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mi ò tẹ̀, wọ́n ní ohùn ti kọjá. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin yẹn ṣílẹ̀kùn gbàà tó sọ̀rọ̀ yẹn sí mi. Mo gbọ́ nǹkan o! Ọmọ tí mo lè bí ló ń pè mí lópùrọ́. Mo yọ hẹ́dífóònù, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá wọn obìnrin ló gbọ́ tó jáde wá. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Ẹ má bínú mà, èyí tó wà létí yín, ṣé ó ń fà gbọọrọ ni àbí ó ń já?" Mo ní ó ń fà. Ó ní ó dáa, òun á jẹ́ kí ti ẹ̀rọ máa já, píì, píì, píì, èyí tó ń já nìkan ni kí n máa tẹ̀. Àṣé nǹkan ọ̀hún ò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Kí ló dé tí ọmọ yẹn ò ṣe é látàárọ̀?

Màdáámú yìí fara balẹ̀ fún mi. Ó fi iná wo inú etí, ó bi mí kí ni mo fi ń ro ó, mo ní ìyẹ́ adìẹ, ó ní kí n yéé, àdín náà kí n yéé kán an sí i. Ó fi ìwé èsì tẹ́ẹ̀sì hàn mí, rọ́ńdọ́ pupa ni ti ọ̀tún, X búlúù ni ti òsì. X yẹn ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, nígbà tó dé 4000, ibi ohùn tínínrín, ó já wálẹ̀ dé 50 (bó bá ṣe wálẹ̀ tó ni etí ò ṣe gbọ́ tó), ó tún gòkè díẹ̀ ní 8000. Ó ní báyìí ni ariwo ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń jẹ etí, èyí tó ti lọ ò ní padà, àmọ́ tí mo bá ń di etí lẹ́nu iṣẹ́, ìyókù á dúró. Ó sọ fún mi lójú pé kò sí oògùn tó ń pa wíììì tó ń dún létí mi yẹn, kí n má kówó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní in.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ káṣíà báyìí, ó ní tẹ́ẹ̀sì méjì ni mo ṣe, kí n san méjì! Màdáámú ti wọlé pẹ̀lú ẹlòmíì. Mo san ₦10,000 lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ yẹn jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù, "ẹ má bínú" lásán ò jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ní alẹ́ báyìí mo ń yí rédíò sílẹ̀ díẹ̀, Orísun FM, tàbí kí n yà á sí ibi tí kò sí stéṣọ̀n, tó kàn ń hó ṣáá, mo sì ń sùn.

Máàkì: 2 nínú 5. Ọmọ iṣẹ́ mi náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń dúró sí. Mọ́ńdè ni mò ń mú un lọ síbẹ̀, Màdáámú yẹn ni màá béèrè.