Ìràwọ̀ mẹ́rin fún áńbúláǹsì ìlú wa àti ilé ìwòsàn tó gba Yèyé mi lọ́wọ́ paramọ́lẹ̀

Kájú la lọ ṣà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní oṣù kẹta mọ bó ṣe máa ń rí: èso kájú ń jẹrà nílẹ̀, òórùn rẹ̀ ń ta bíi ti ọtí, ewé gbígbẹ sì bo ìdí igi dé ọrùn ẹsẹ̀. Yèyé mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ kò sọ́mọdé tó lè bá a ṣà á. Sálúbàtà ló wọ̀. Mo gbọ́ tó ní "Yé!" lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni tí ẹ̀gún gún, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà á lọ. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo rí ejò náà. Kò gùn ju apá mi lọ. Ó ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, ó ń ha ìpẹ́ mọ́ ìpẹ́, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi gbígbẹ. Paramọ́lẹ̀ ni.

Kì í ṣe ìtàn ejò ni mo jókòó kọ o. Iṣẹ́ àwọn kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò bí èèyàn ṣe ń yẹ ọjà tó rà wò: ibi tó dáa, ibi tó kù díẹ̀ káàtó, iye tó ná wa. Méjì ni wọ́n. Èkíní ni áńbúláǹsì tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa dáwó rà, tí wọ́n ń gbé sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé. Èkejì ni ilé ìwòsàn kan ní Kàbà. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn yìí, torí mo ní ẹ̀sùn kan tó le sí wọn, mi ò sì fẹ́ kó di ohun tí wọ́n á máa fi na àwọn tó ṣe dáadáa níbẹ̀.

Nọ́ńbà pàjáwìrì, 112, wà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 122, náà wà fún jàǹbá ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí mo pè ni èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ilé ìlera wa, tí mo ti fi pamọ́ sínú fóònù láti ìgbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bímọ. Nọ́ńbà awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Mo sáré gorí òkúta kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yọjú. Ó gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò bi mí léèrè owó, kò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ohun mẹ́ta ló bi mí: ṣé ó ń mí dáadáa? Ibo la wà gan-an? Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi abẹ kàn án?

Ọ̀rọ̀ abẹ yẹn bá mi lójijì, torí nígbà tí mo padà dé ìdí igi, àbúrò bàbá mi, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ti débẹ̀ pẹ̀lú abẹ àti òkúta dúdú. Ó ti fi okùn ọ̀rá so itan Yèyé pinpin. Bàbá yìí kì í ṣe òpè o. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún bàbá tirẹ̀ nìyẹn, bàbá tirẹ̀ sì yè. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dúró de àwọn tó ń bọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọ tó fẹ́ pa ìyá rẹ̀.

A gbé Yèyé lórí tapọ́lì tí a fi ń sá kájú títí dé ibi tí ọ̀nà mọ́tò pin sí. Láti ìgbà tí mo pè wọ́n sí ìgbà tí wọ́n yọ, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni. Hiace àtijọ́ kan ni, wọ́n ti yọ àga rẹ̀. Sírínì rẹ̀ kò dún, rọ́bà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sí éè-sí. Àmọ́ ibùsùn wà níbẹ̀, agolo ọ́síjìn wà, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìlera tó bá awakọ̀ wá kò lè tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà. Ó ní, "Òkun o, bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ yìí mú kó má mì rárá títí a ó fi dé Kàbà. Ọwọ́ yín ló le jù níbí." Bàbá fi abẹ sápò, ó bọ́ sínú ọkọ̀. Mo ti jẹ́ tíṣà fún ọdún mọ́kànlá, mi ò tíì rí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà báyìí láìjẹ́ kí ojú tì í.

Ọmọbìnrin náà tú okùn itan náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní okùn a máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, pé abẹ tún burú jù ú lọ, torí oró irú ejò yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́: ojú gbẹ́rẹ́ tó yẹ kó gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á kàn máa ṣẹ̀jẹ̀ lọ ni. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka kájú méjì, ó fi wọ́n ti ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó bá ń wá aṣọ tí yóò fi dì í. Gèlè orí Yèyé ló rí. Yèyé ní, "Aṣọ ẹbí ni o!" Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, màmá." Ó ti tú u. Lẹ́yìn náà ló fi báírò fa ìlà síbi tí wíwú náà dé lójúgun, ó kọ aago sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: 10:50.

Nínú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti gba ẹ̀mí ìyá mi là, bó bá jẹ́ èmi lẹ ń bi. Kì í ṣe pé awakọ̀ sáré. Kò sáré, ó mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà náà bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń yà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn fijilanté tó dènà sáré yí dúrọ́ọ̀mù kúrò ní kété tí wọ́n rí i. Ọmọbìnrin yìí ń pe ilé ìwòsàn kan tẹ̀lé òmíràn. "Ẹ ní abẹ́rẹ́ ejò nílẹ̀? Mélòó? Ṣé fíríìjì yín ń ṣiṣẹ́?" Ibi àkọ́kọ́ kò ní. Ibi kejì ní ká kọ́kọ́ wá fowó sílẹ̀ ná. Ibi kẹta ní àwọn ní ìgò mẹ́fà, fíríìjì sola sì ni. Ká ní ọ̀kadà la gbé e, ibi àkọ́kọ́ yẹn la ò bá yà sí, torí òun ló sún mọ́ wa jù, a ò bá sì jókòó sí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó sọ fún wa pé kò sí.

Ìgbà tí a dé ẹnu géètì, ibùsùn onítáyà ti ń dúró dè wá. Wíwú ti kọjá ìlà báírò ní ìka mẹ́rin. Èrìgì Yèyé ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

Dókítà tó gbà wá, agùnbánirọ̀ ni, ọmọ Gombe. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ kò ju "Òkun o" àti "ẹ pẹ̀lẹ́" lọ, àmọ́ ó mọ ejò. Ó ní ní Kaltungo, lọ́dọ̀ wọn, ilé ìwòsàn wà tó jẹ́ pé ẹni tí ejò bù jẹ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó dà á sínú ìgò onígíláàsì kékeré kan tó gbẹ, tó sì mọ́, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná tó ń ṣẹ́jú. Kí èèyàn ṣáà dúró, kó máa wo aago ni. Mo ń bínú nínú mi pé kí ló ń dúró dè. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, ó yí ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ Yèyé sì ṣàn lọ ṣàn bọ̀ bíi sóbò. Ó yẹ kó ti dì. Ó ní oró ti wọ ara rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n gbé oògùn wá.

Ibí yìí ni ìràwọ̀ kan ti já bọ́. Oògùn wà nínú fíríìjì, ènìyàn ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, akọ̀wé owó ní àyàfi ká kọ́kọ́ sanwó. Mo ní kí n fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ó ní àwọn kì í gbà á lọ́jọ́ Sátidé, kí n lọ wá owó lọ́wọ́. Ó ń bó ẹ̀pà bó ṣe ń sọ ọ́. Ó tó àádọ́ta ìṣẹ́jú tí mo fi gun ọ̀kadà láti orí POS kan sí òmíràn láàárín ọjà Kàbà, torí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgò oògùn mẹ́ta tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ rà gba owó àpò kájú méjì. Ìgbà tí mo padà dé tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ ni mo rí i pé oògùn ti ń lọ sínú iṣan Yèyé. Dókítà ti fọwọ́ síwèé, ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún wa. Agùnbánirọ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kò lè san ìgò mẹ́ta yẹn! Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ni mo ń bi àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn náà.

Dókítà jókòó ti Yèyé, ó ti fa oògùn mìíràn sínú sírínjì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ara àwọn kan máa ń kọ abẹ́rẹ́ ejò yìí: ara á máa yún wọn, èémí á fún, a kì í sì í wá oògùn ìyẹn nígbà tó bá ti ṣẹlẹ̀. Ìdí ni pé inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń rí i. Ní Costa Rica, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á máa fi oró ejò ilẹ̀ wa gún ẹṣin díẹ̀díẹ̀, títí ara ẹṣin á fi mọ bí a ṣe ń bá a jà, wọ́n á wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á yọ ohun tó ń pa oró nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún Yèyé. Yèyé wo okùn dírípù títí. Ó ní, "Ẹṣin tí mi ò gùn rí láyé mi." Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Dókítà yìí kan náà ló sọ fún mi pé ọdún 2017 ni àjọ ìlera àgbáyé tó ka ejò bíbunijẹ mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Kò yà mí lẹ́nu. Oko kì í ṣe ibi tí àwọn tó ń pín owó ń gbé.

Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó tún gbé ìgò gíláàsì mìíràn sórí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn. Wọ́n lo ìgò mẹ́ta tó kù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Lọ́kọ́ja kí wọ́n bá wọn kó òmíràn wá, nítorí ẹni tó tún ń bọ̀ lọ́la. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nọ́ọ̀sì òru jẹ́ obìnrin kan tó tóbi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní wákàtí wákàtí ló ń wá. Á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí èrìgì Yèyé, á wo àwọ̀ ìtọ̀, á fa ìlà tuntun sí ẹsẹ̀, á kọ aago. Ẹsẹ̀ náà ti dà bíi rúlà. Yèyé á ní, "Sísítà, kájú mi wà nínú ọpọ́n lóko o." Á dá a lóhùn pé, "Òkun, Yèyé. Wọ́n á bá yín kó o." Aago kan òru ti fẹ́ lù nígbà tó fọwọ́ kàn mí léjìká níbi tí mo ti ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì. Ìgò gíláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú mi láìsọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ náà kò yẹ̀. Ó dì mọ́ ìdí ìgò bí ẹ̀kọ tútù. Ó dojú ìgò náà dé pátápátá, kò já bọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Omi kì í yọ ní ilé ìyàgbẹ́ wọn, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Ẹ̀fọn wọn kò láàánú. Ẹni bá ní èèyàn ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, kó mú nẹ́ẹ̀tì lọ.

Áńbúláǹsì ní tirẹ̀, owó epo nìkan ni wọ́n gbà. Awakọ̀ kọ̀ láti gba ohun tí mo fi lé e, ó ní tí ìgbìmọ̀ bá gbọ́, òun á rí i. Iṣu márùn-ún tí Yèyé fi ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbà á. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá àti Èkó, ẹ jọ̀ọ́, sírínì yẹn àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ dáwó fún báyìí, ẹ fi géètì gbọ̀ngàn ìlú sílẹ̀ ná.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó wù mí kí n fún ọmọbìnrin inú ọkọ̀ yẹn, agùnbánirọ̀ náà àti nọ́ọ̀sì òru ní márùn-ún márùn-ún, kí n fún fèrèsé akọ̀wé owó ní òdo, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kéèyàn pín in bẹ́ẹ̀.

Yèyé ti padà sóko, bùùtù òjò ló ń wọ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òṣìṣẹ́ ìlera náà pè mí pé òun ti fọ gèlè, òun ti lọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò kúrò létí rẹ̀ tán. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Yèyé gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní kó gbé e bọ̀, ìyàwó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá aṣọ náà kò tíì ṣègbéyàwó.