Àwọn ọwọ́ tó wà nídìí Double Indemnity: àgbéyẹ̀wò fíìmù 1944 àti díìsìkì 4K rẹ̀

Bí Double Indemnity ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, òjìji ọkùnrin kan tó ki igi bọ abíyá méjèèjì ń tiro bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bó ṣe ń sún mọ́ ló ń tóbi, ìlù ń dún gbì, gbì, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú lọ sí itẹ́, orúkọ àwọn òṣèré àti òṣìṣẹ́ sì ń kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àkókò yẹn lọ gbé gúgúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Igi tó wà lábíyá yẹn ni gbogbo ọ̀ràn inú fíìmù náà rọ̀ mọ́. Àwọn orúkọ yẹn ló sì fà á tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní sítúdíò Paramount lọ́dún 1943, tó jáde ní 1944, fi ṣì ń múni lọ́kàn dòní. Orúkọ wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó dórí díìsìkì 4K (irú èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere jù) tí Criterion, iléeṣẹ́ tó ń gbé fíìmù àtijọ́ jáde, gbé jáde ní 2022.

Ìtàn rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Walter Neff ń ta ìwé adójútòfò ní Los Angeles. Ó lọ sílé oníbàárà kan nítorí ìwé adójútòfò mọ́tò rẹ̀ tó ti fẹ́ parí, ó bá ìyàwó ọkùnrin náà, Phyllis Dietrichson, ó rí ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kó sí pańpẹ́. Wọ́n dọ́gbọ́n mú kí ọkọ buwọ́ lu ìwé adójútòfò jàǹbá láìmọ ohun tó buwọ́ lù. Dọ́là 50,000 lowó orí rẹ̀, àmọ́ gbólóhùn kan wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní double indemnity: bí ikú bá ti ọwọ́ jàǹbá tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ wá, bíi kéèyàn já bọ́ lára ọkọ̀ ojú irin, iléeṣẹ́ yóò san ìlọ́po méjì. Neff mọ gbólóhùn yẹn bí ẹní mowó. Ẹni tí yóò wá yẹ ẹjọ́ náà wò ni Barton Keyes, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Neff ti ń jẹ́wọ́ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lóru, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára kóòtù rẹ̀, nítorí náà kò sí pé à ń wá ẹni tó pààyàn. Bí okùn ṣe ń fún mọ́ ọn lọ́rùn là ń wò.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ìtàn náà ni James M. Cain, ìwé ìròyìn Liberty ló sì gbé e jáde ní 1936. Ìdí rẹ̀ ni ẹjọ́ Ruth Snyder ti New York, tí òun àti àlè rẹ̀ Judd Gray pa ọkọ rẹ̀ ní 1927 nítorí owó adójútòfò. Àwọn sítúdíò ti fẹ́ ra ìtàn náà láti 1935, kó tó jáde pàápàá, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì Joseph Breen, tó ń ṣọ́ ìwà ọmọlúàbí nínú sinimá, ní kò ṣeé gbé sójú àwọn èèyàn. Nígbà tí Billy Wilder, tó máa darí rẹ̀, dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, Charles Brackett tí wọ́n jọ máa ń kọ ìwé eré ní òun ò bá wọn dá sí i. Joseph Sistrom, tó wà nídìí ètò fíìmù náà, ló dárúkọ Raymond Chandler, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Chandler ò kọ ìwé eré rí láyé rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rò pé fíìmù náà ti rí agbára rẹ̀. Wilder àti Chandler ò fẹ́ràn ara wọn rárá. Fìlà tí Wilder ń dé nínú ilé, ọ̀pá tó ń jù kiri, tẹlifóònù tó ń gbé nígbà gbogbo, gbogbo rẹ̀ ń bí Chandler nínú débi pé ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Síbẹ̀ òun ló rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìwé Cain dùn lójú, kò dùn létí. Wọ́n ní kí àwọn òṣèré kà á sókè, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Cain fúnra rẹ̀ gbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù, pàápàá ibi tí Neff àti Phyllis ti ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ojú pópó àti eré àsápajúdé fẹ́ ara wọn sọ́nà, ọ̀rọ̀ tuntun ni. Ẹ gbọ́ bí gbólóhùn kan ṣe ń gba ẹnu ẹnì kan bọ́ sẹ́nu ẹnì kejì bí bọ́ọ̀lù. Wilder ló wá ní ìmọ̀ bí ìran kan ṣe ń ti òmíràn síwájú. Ẹ kíyè sí ohùn Neff tó ń ròyìn: kì í sọ ohun tí ojú wa ti rí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìkan ló ń fi kún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ fíìmù tó ń lo irú ohùn yẹn ti ń ṣubú nìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí Chandler fúnra rẹ̀, ẹ wo ìṣẹ́jú kẹrìndínlógún: òun ni ọkùnrin tó jókòó níta ọ́fíìsì Keyes, tó ń kàwé, tó gbójú sókè bí Neff ṣe ń kọjá.

John F. Seitz ló wà nídìí kámẹ́rà. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn. Òun ló ya The Four Horsemen of the Apocalypse ní 1921. Ilé Dietrichson gbọ́dọ̀ dà bí ibi tí atẹ́gùn ò ti fẹ́. Seitz fẹ́ ẹ̀rún alumíníọ̀mù lúbúlúbú sínú afẹ́fẹ́ yàrá náà, kí ó lè máa fò nínú ìmọ́lẹ̀ bí eruku ilé tí ẹnìkan ò gbá. Eruku gidi kì í mú iná dáadáa lójú kámẹ́rà, alumíníọ̀mù máa ń dán. Lẹ́yìn náà ló wá fi iná gba inú bíláìǹdì ojú fèrèsé, tí òjìji àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀ sì tò sára Neff bí irin ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó mú un. Kò jẹ́ kí iná pọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ibi dúdú dúdú. Àwọn tó tẹ̀ lé e lo bíláìǹdì yìí títí ó fi sú èèyàn, ṣùgbọ́n níbí, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìran ìpànìyàn ni kí ẹ fi wo bí Seitz, Wilder àti Doane Harrison tó gé fíìmù náà ṣe mọ iṣẹ́. Òfin Breen ò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń pààyàn hàn. Wọ́n gbé kámẹ́rà sójú Barbara Stanwyck, tó ṣe Phyllis, bó ṣe ń wa mọ́tò, nígbà tí Neff ń fún ọkọ rẹ̀ lọ́rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò rí ọwọ́, a ò rí ọrùn. Ojú obìnrin tí ò yíjú, tí ìtẹ́lọ́rùn sì rọra ń yọ níbẹ̀, la rí. Ó burú ju kí wọ́n fi òkú hàn lọ.

Ó kan àwọn òṣèré. Fred MacMurray, tó ṣe Neff, ń ṣe eré ẹ̀rín àti eré ìfẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nígbà náà, George Raft sì ti kọ iṣẹ́ náà kó tó kàn án. Àṣàyàn tó dáa jù lọ nínú fíìmù yìí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀daràn la rí lára Neff, ọ̀ràn náà ò ní yà wá lẹ́nu. Ojú ọmọ dáadáa tó ń rẹ́rìn-ín fún oníbàárà la rí. Stanwyck kọ́kọ́ bẹ̀rù láti ṣe obìnrin tó burú tó báyẹn, àmọ́ nígbà tó gbà, kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú wa rárá. Ẹ wo bó ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń rìn kiri. Porter Hall, ẹlẹ́rìí tó bá Neff pàdé ní ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú irin, níbi tí Neff ti ki igi bọ abíyá, tó ń ṣe bíi pé òun ni ọkọ Phyllis tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, mú ẹ̀rín àti ẹ̀rù wá pa pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Jean Heather tó ṣe Lola, ọmọ ọkọ Phyllis, àti Byron Barr tó ṣe Nino Zachetti, ọ̀rẹ́kùnrin Lola, ni wọ́n fẹ́lẹ́ jù. Ìwé eré náà ò fún wọn ní ohun púpọ̀. (Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú: òṣèré míràn tó ń jẹ́ Byron Barr tẹ́lẹ̀ ló yí orúkọ padà sí Gig Young.)

Ṣùgbọ́n Edward G. Robinson, tó ṣe Keyes! Ipò kẹta ni orúkọ rẹ̀ wà, ìyẹn sì dùn ún díẹ̀ kó tó gbà, nítorí ọ̀gá òṣèré ló ti ń ṣe láti ìgbà fíìmù Little Caesar. Òun ló jí fíìmù náà gbé. Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ní ọkọ Phyllis para rẹ̀ ni, Keyes ka ìwé ìṣirò àwọn tó ń para wọn sílẹ̀ ní wàràwàrà, oríṣi májèlé dé oríṣi ibi tí wọ́n ti ń bẹ́, ó sì fi yé e pé kò sẹ́ni tó ń bẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn ní máìlì 15 ní wákàtí. Ó ní ọkùnrin kékeré kan wà nínú àyà òun tí kì í jẹ́ kí òun sinmi bí èrú bá wà nínú ẹjọ́ kan. Wọ́n yàn fíìmù yìí fún Oscar méje, kò gba ẹyọ kan, orúkọ Robinson ò sì sí lára àwọn tí wọ́n yàn. Wọn ò yàn án rí títí ó fi kú ní 1973, kí wọ́n tó fún un ní ti ọlá. Àṣìṣe ńlá ni.

Ẹni tí ò bá tíì wo fíìmù náà kó fo ìpínrọ̀ yìí. Jálẹ̀ fíìmù, Keyes ò ní ìṣáná tó máa fi tan sìgá rẹ̀ rí, Neff ló ń fi èékánná àtàǹpàkò ṣá a fún un. Ní ìparí, Neff wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé ìṣáná mọ́, Keyes sì ṣá a fún un. Wilder ti kọ́ yàrá onígáàsì tí wọ́n fi ń pa ọ̀daràn sínú sítúdíò, ó ya ìran ikú Neff, Keyes sì wà níbẹ̀ tó ń wò. Ó gé e kúrò pátápátá. Ìṣáná kan ṣoṣo ti sọ gbogbo rẹ̀. Owó ńlá ló dà nù, ṣùgbọ́n ó tọ́.

Orin Miklós Rózsa, ọmọ Budapest, le, kò fi ọwọ́ pa èèyàn lórí. Ọ̀gá orin ní Paramount ò fẹ́ ẹ rárá. Buddy DeSylva tó jẹ́ olórí níbẹ̀ ló gbè é lẹ́yìn. Hans Dreier àti Hal Pereira ló ṣe àwọn yàrá. Ilé gidi lórí òkè Hollywood ni ẹ ń rí láti ìta, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ sí sítúdíò. Edith Head ló ṣe aṣọ.

Àléébù wà. Wíìgì aláwọ̀ wúrà tó wà lórí Stanwyck ò jọ irun èèyàn. DeSylva fi wé ti George Washington, Wilder sì sọ lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ kó jọ ayédèrú, bíi ti obìnrin náà. Mo gbà á ní ààbọ̀. Ní àwọn ìran kan, ó kàn ń gba ojú lọ́wọ́ òṣèré ni. Òrùka ìgbéyàwó MacMurray fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Neff ò níyàwó. Ilẹ̀kùn ilé Neff ṣí síta, kí Phyllis lè rí ibi sá pamọ́ sí fún Keyes. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, inú ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ṣe é, nítorí ìran yẹn ò lè wáyé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti díìsìkì: fíìmù náà gùn tó ìṣẹ́jú 107, àwòrán rẹ̀ jẹ́ 1.37 sí 1, ìyẹn ni pé ibi dúdú gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì tẹlifíṣọ̀n yín. Bí àwòrán bá kún ojú ẹ̀rọ, ẹ ti fà á ya, ojú gbogbo èèyàn á fẹ̀. Ẹ pa ètò tó ń mú àwòrán rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ẹ sọ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ẹ pa iná yàrá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dúdú Seitz á di eérú. Ọ̀rọ̀ wọn yára, ẹ tan àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ bí ẹ bá ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Àlàyé tí Richard Schickel ń ṣe bí fíìmù ṣe ń lọ dára fún ìgbà kejì, ètò tí Volker Schlöndorff ṣe pẹ̀lú Wilder sì wúlò gan-an. Ẹ má fo eré rédíò 1945 àti 1950, tí MacMurray àti Stanwyck tún ti ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ ó gbọ́ bí ohun tó kù ṣe kéré tó nígbà tí kò sí iná Seitz.

Ẹ ṣọ́ra nípa ẹ̀rọ. Díìsìkì 4K kò ní ààlà, ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n díìsìkì Blu-ray tó bá a wá láti Amẹ́ríkà jẹ́ ti agbègbè A, ẹ̀rọ agbègbè yẹn ló wà fún. Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní B, ẹ̀rọ tí ẹ rà ní London tàbí ní Èkó lè kọ̀ ọ́. Ẹ tún wo ọdún tó wà lẹ́yìn páálí kẹ́ ẹ tó sanwó: wọ́n tún ìtàn yìí ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní 1973, orúkọ kan náà ló ń jẹ́, kò sì sí ọwọ́ Seitz tàbí ti Robinson nínú rẹ̀.