Òdéku àti sítáòtù kíkan inú àgbá: èwo ni kí ẹ rà?

Òdéku, ìyẹn sítáòtù (bíà dúdú) Guinness, ò ṣòro rí ní Òṣogbo. Láti Òkè-Fìà dé Ògo-Olúwa, ìgò 60cl rẹ̀ wà káàkiri. Ọkà bàbà wà lára ohun tí wọ́n fi ń pọn ọ́n ní Nàìjíríà, agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó korò, adùn fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń tẹ̀lé e. Bí ẹ ṣe bá a lónìí lẹ máa bá a lóṣù tó ń bọ̀.

Àwọ̀ nìkan ni sítáòtù kíkan fi jọ ọ́. Inú àgbá igi tó ń gba bíi lítà 200 ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, á wà níbẹ̀ fún oṣù 6 sí 18, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò Lactobacillus àti Pediococcus ló ń mú un kan. Yíìsì Brettanomyces ló ń fún un ní òórùn awọ àti ti ilé ẹṣin. Ẹ má tìtorí òórùn yẹn dà á nù. Inú ọtí àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Claussen, onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ọtí Carlsberg ní Denmark, ti rí yíìsì náà, tó kéde rẹ̀ lọ́dún 1904, nítorí náà kì í ṣe àṣà tuntun.

Kíkan yẹn gan-an lẹ ń sanwó fún. Èyí tó dára kan bí omi orí ògì: ó mú ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, itọ́ sun, ó sì lọ. Èyí tí kò dára á ti máa ta imú bíi fínígà kó tó kan ẹnu. Atẹ́gùn ti ráyè wọ àgbá, bó ṣe ń rí fún ẹmu ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Bó bá ń yọ̀ bí ilá nínú gíláàsì, tàbí ó ń rùn bíi bọ́tà, Pediococcus ni: wọ́n ti yọ ọ́ nínú àgbá kí Brettanomyces tó tún un ṣe. Àbùkù tó burú jù lójú tiwa ni ti ọkà tí wọ́n yan jù. Kíkorò àti kíkan á kọlura, á dà bíi kọfí tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí.

Òdéku tutù nini, kò burú. Ti àgbá ò gba bẹ́ẹ̀. Òtútù á bo òórùn rẹ̀, kíkan rẹ̀ á sì le. Ẹ gbé e jáde nínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 20 kó tó bíi 10 sí 13°C. Nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, ìṣẹ́jú 10 ti tó. Ẹ bu 100ml sínú gíláàsì wáìnì, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgò. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ mu díẹ̀, kó yí ẹnu ká. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́: àkọ́mu máa ń bá ahọ́n lójijì, ẹ̀ẹ̀kejì ló ń sọ òótọ́. Òdéku ló bá pépé súùpù lọ, torí ata àti kíkan jọ ń jó ọ̀fun. Wàrà tàbí ẹ̀pà yíyan ló bá èkejì mu.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ara ìgò. "Barrel-aged" (ọtí tó pẹ́ nínú àgbá) nìkan ò sọ pé ó kan. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ dùn, ó sì ki. "Sour" (kíkan) tàbí "Brett" (Brettanomyces) lẹ ń wá. Bí ẹ bá rán ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, kó má fi í sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn: yíìsì tó ṣì wà láàyè lè ru, ọtí á sì tú jáde bí ẹ bá ti ṣí i. Ìgò kékeré kan fún ẹni mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó fẹ́ràn ẹmu kíkan ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lọ yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ nǹkan dúdú lẹ́yìn iṣẹ́, kó ra òdéku. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e padà sínú fíríìjì, kó má kọjá ọ̀la.