Bayodájẹ́sítà tí a fi rọ́pò sókàwéè nílé wa ní Ìkòròdú

Ilé wa ní Ìkòròdú kò jìnnà sí ọ̀sà. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí omi tó yọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ló ń wọnú sókàwéè wa. Ọkọ̀ á wá fà á, owó á lọ, kò ní pẹ́ tí tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì á tún máa da omi padà sójú wa. Ó sú èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, la bá ní kí wọ́n wá ṣe bayodájẹ́sítà.

Àpótí kọnkéré kékeré ni. Asẹ́ wà nínú rẹ̀: omi á gbabẹ̀ lọ sínú kòtò olókùúta wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ á dúró lókè, ekòló àtàwọn kòkòrò tí ojú ò rí á máa jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí ẹni tó ṣe é ṣí ìdérí rẹ̀ kí n wò ó, ekòló pupa ló ń lọ́ mọ́ra wọn lórí èèpo àgbọn gbígbẹ tó tẹ́ síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo gbọ́. Inú mi dùn gan-an. Láti ìgbà náà, a ò tíì pe ọkọ̀ mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìtọ́jú. Hypo àti Izal á pa ekòló, nítorí náà ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì la fi ń fọ tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì. Páḿpàsì àti páàdì ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tí ayálégbé pọ̀ nílé rẹ̀ á ní láti máa tẹnu mọ́ èyí lójoojúmọ́.

Ẹni tó tà á fún wa fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ pátápátá. Bíríkìlà wa ló kọ̀, ó ní tómi bá bo àwọn ekòló yẹn, wọ́n ti kú nìyẹn. Orí búlọ́ọ̀kù la gbé e kà. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ìpìlẹ̀ ilé wa ga, páìpù ráyè dagẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé omi tó ń jáde níbẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ má gbà! Kòkòrò àrùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ó kéré tán, 30 mítà ló yẹ kó wà láàárín irú kòtò bẹ́ẹ̀ àti kànga. Hááfù pulọ́ọ̀tì tiwa, 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú àti lóròó, mítà 18 péré ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Omi kànga wa, aṣọ la fi ń fọ̀; èyí tí à ń mu, rírà ni.

Ní Gánà, ìjọba fúnra rẹ̀ ló mú irú tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì yìí, tó fowó Báńkì Àgbáyé ràn àwọn ilé tálákà lọ́wọ́ láti ṣe é ní Accra. Ní tiwa, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ ní 2019 pé kí yíyàgbẹ́ síta gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tó bá fi máa di 2025. Tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì wo ló bá ilẹ̀ olómi mu? Ìjọba Èkó ló yẹ kó dán oríṣiríṣi rẹ̀ wò létí ọ̀sà níbí, kí wọ́n yẹ omi tó ń jáde níbẹ̀ wò, kí wọ́n sì sọ ìwọ̀n tó gba èèyàn mẹ́fà àtèyí tó gba ogún. Ẹnu ọlọ́jà nìkan la ń gbọ́ báyìí.

Bílẹ̀ yín bá gbẹ tó sì fẹ̀, ẹ máa lo sókàwéè yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí hááfù pulọ́ọ̀tì létí omi, ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ rí i pé wọ́n gbé e sókè kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.