Aró, Ìlù àti Eré Orí Ìtàgé nítorí Odò Ọ̀ṣun: Àgbéyẹ̀wò Ilé Ọnà Kan ní Òṣogbo

Inú agboolé kan lẹ́bàá Òpópónà Ìbòkun ní Òṣogbo ni ilé ọnà yìí wà, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìlù dùndún àti eré orí ìtàgé. Àdìrẹ nìkan ni mo tìtorí rẹ̀ mú ọmọ àbúrò mi lọ, àmọ́ wọn kì í gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan kí ó fi méjì yòókù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fi iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun, tí àwọn awakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da omi rẹ̀ rú títí ó fi pọ́n rúsúrúsú.

Orí aṣọ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, á sì ya ohun tí ojú rẹ̀ rí létí odò sórí aṣọ òwú funfun, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ya òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn sórí àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Nígbà tí aṣọ bá jáde nínú aró tí ó sì gbẹ, ẹni tí ó yà á gbọ́dọ̀ dìde kí ó ṣàlàyé rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí onílù fi dùndún sọ kókó ohun tí ó wí, kí wọ́n sì ti inú àlàyé bẹ́ẹ̀ hun eré pọ̀ láìsí ìwé kankan lọ́wọ́. Ibí yìí ni mo ti gba ti àwọn olùkọ́ náà jù lọ. Wọn kò sọ awakùsà di ọ̀dájú nínú eré wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ríṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ sì ń retí owó oúnjẹ, ni wọ́n fi í ṣe. Bí eré bá dé ibi tí ó le, olùkọ́ á dá a dúró, á bi àwọn òǹwòran pé, “Ẹ̀yin ará ilé, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ yín nìyí, kí ni ẹ ó ní kí ó ṣe?” Ẹni tí ó bá dáhùn á wá gba ipò òṣèré, á sì dán àbá rẹ̀ wò. Ọ̀nà tí Augusto Boal, olùdarí eré ará Brazil, sọ di mímọ̀ káàkiri ayé nìyí, ó sì bá àwa tí a máa ń dá sí ọ̀rọ̀ eré láti ìjókòó wa mu gan-an. Ọmọ àbúrò mi, tí kì í là ẹnu níbi tí àgbà bá wà, ń jiyàn níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Irú àpapọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Òṣogbo Òròkí. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níhìn-ín ní 1962, inú ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti bọ́ sínú iṣẹ́ àwòrán tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ère àti ojúbọ dá ààbò bo igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Igbó náà ṣì wà lónìí nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Omi tí ó ń gbà á kọjá ni kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí àléébù ilé ọnà yìí fi dùn mí. Aró òyìnbó ni wọ́n ń pò, sódà tí ń jó awọ ni wọ́n sì ń dà sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, inú gọ́tà ni wọ́n ń da omi aró tí ó ṣẹ́kù sí, òjò yóò sì gbé e lọ sí odò kan náà tí wọ́n ń ṣeré lé lórí. Mo bá alábòójútó wọn sọ ọ́. Ó gbà pé òtítọ́ ni, ó ní ewé ẹ̀lú tí a fi ń po aró ìbílẹ̀ ti wọ́n, pípò rẹ̀ pẹ̀lú omi eérú sì máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n pé àwọn yóò gbẹ́ kòtò fún omi aró náà. Títí tí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ, n kò lè fún wọn ní ìràwọ̀ ju mẹ́ta lọ nínú márùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ wọn tó márùn-ún.

Owó wọn kò ga, aṣọ àti ẹ̀kọ sì wà nínú rẹ̀; ìbọ̀wọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá láti ilé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ, nítorí ẹ̀kọ láfún kì í gbẹ dáadáa nígbà òjò. Ẹni tí ó kàn fẹ́ wo eré lè dúró di oṣù Ògún (oṣù kẹjọ), nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá kó èrò wọ ìlú.