Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀ Ojú Omi ní Èkìtì

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ lórí adágún Èrò ní Ìkùn-Èkìtì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti yọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kúrò nínú ọkọ̀, kí ẹ sì fi èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń tà á ní tòkunbọ̀ láàárín Adó-Èkìtì àti Ìkùn. Ẹ ṣọ́ra fún un.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló ní ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin náà ní ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 15 ni yóò bá a mu, pé yóò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ sì ni ìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, ìyẹn apá tó sọ̀kalẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ wọ inú omi, ló fi tàn wá. Ìdí ọkọ̀ onígbòkun máa ń ga sí omi, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí í ṣe íǹṣì 20, ni a nílò, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú oníǹṣì 15. Ó na téèpù níwájú wa, ó sì pé 20 lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ara ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti gbé lé pátákó ìdí ọkọ̀ ni ó yẹ kí a ti wọ̀n ọ́n, títí dé irin pẹrẹsẹ tó wà lókè abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ. Nígbà tí a dé orí omi, bí ẹnì kan bá ti rìn lọ sí iwájú ọkọ̀ báyìí, ìdí ọkọ̀ á gbé sókè, abẹ̀bẹ̀ á yọ síta, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, afẹ́fẹ́ ni yóò sì máa fà dípò omi tó yẹ kó máa tù ú.

Ó tún sọ fún wa pé omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ti lò ó ní òkè òkun. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, iyọ̀ ti dí ojú ọ̀nà omi inú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tuntun, òróró gíà rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀kọ mímu, èyí tó fi hàn pé omi ti wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, inú dúrọ́ọ̀mù omi ni a ti bá ẹ́ńjìnnì náà, ó ti gbóná, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a ṣe fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló dáhùn. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó fà á. Bí ó bá gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ní kó tú òróró gíà díẹ̀ sílẹ̀ lójú yín.

Èyí tó dùn mí jù ni iṣẹ́ tó ṣe sínú ọkọ̀. Ó kó ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ ní owó àlòkù irin, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó idẹ, ó sì fi àkísà àti gọ́ọ̀mù dí ihò tí ọ̀pá rẹ̀ gbà jáde sínú omi. Etí omi ni a wà nígbà tí ohun tó fi dí ihò náà já. Bí ó bá jẹ́ àárín adágún ni, ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ó kọ̀ láti dá owó padà. Mo ti mú ìwé owó wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì bẹ ẹni tó bá ti ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé kó mú tirẹ̀ wá pẹ̀lú.